Ìbọn olókùúta tí ẹ fọwọ́ ara yín tò: ìbéèrè yín àti èsì mi

Láti 1974 ni Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ti ń ya àkókò kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn Kérésì fún àwọn ọdẹ tó ń fi ìbọn olókùúta, ìyẹn ìbọn àtijọ́ tí òkúta tó ń kan irin ló ń ta iná sí ẹ̀tù rẹ̀, pa àgbọ̀nrín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa níbẹ̀ fi ń ra ìbọn tó wà lẹ́yọ-lẹ́yọ nínú páálí, tí wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn tò ó. Bó bá kọṣẹ́ tán, wọ́n á pè mí. Ìbéèrè kan náà ni lọ́dọọdún, ó ti sú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, òfin ò gbà kí ẹ ṣe ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, ì báà ṣe ṣakabùlà. Ẹ má fi tèmi kó sí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n, mo fà á, kò taná rárá.

Ẹ wo òkúta tí òòlù ìbọn dì mú. Ṣé ẹnu rẹ̀ mú? Ṣé awọ tó wé e dì í mú? Ṣé gbogbo ẹnu rẹ̀ ló ń kan irin ìṣáná (irin tí òkúta ń họ kí iná lè ta), àbí igun kan péré? Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òróró kúrò lójú irin náà. Ó parí.

Ẹ̀tù inú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn gbiná, ìbọn ò dún.

Ẹ kọ́kọ́ dúró ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹnu ìbọn wà níbi tí kò séèyàn. Ihò iná, ihò tí iná ń gbà láti inú àwo wọ inú ọ̀pá, ló dí, tàbí òróró ilé iṣẹ́ ṣì wà ní ìdí ọ̀pá. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò náà. Nígbà míì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú spírítì nu inú ọ̀pá, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó ki ìbọn. Ẹ má sì rọ ẹ̀tù inú àwo bo ihò mọ́lẹ̀. Iná ló yẹ kó fò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀tù bá dí ihò, á máa jó wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbọn yín ń ṣe “ṣììì” kó tó dún, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn.

Ṣé mo lè fi ẹ̀tù ìbọn ìgbàlódé rọ́pò ẹ̀tù dúdú?

Rárá. Ọ̀pá á fọ́ mọ́ yín lójú.

Mo fi òróró nù ún dáadáa, ó tún dípẹtà mọ́jú.

Ìdọ̀tí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, òróró kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni. Ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ tó wá fi òróró sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ yìn ín gan-an o.

Bí mo bá mú lọ́ọ̀kì (ẹ̀rọ tó gbé òòlù àti irin ìṣáná) lọ́wọ́, iná ń ta yàà. Bí mo bá dè é mọ́ igi, kò ju ẹyọ méjì mẹ́ta lọ.

Èyí fojú mi rí màbo. Ẹ̀rọ ló gbẹ́ ihò lọ́ọ̀kì inú igi ìbọn mi, ó sì ń taná dáadáa ní gbogbo ìgbà òtútù. Oṣù Keje dé pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin, iná kú. Mo pààrọ̀ òkúta. Ẹnì kan ní irin ìṣáná ló rọ̀. Mo fi fáìlì rá a létí, fáìlì ń yọ̀, kò jẹ ẹ́, irin náà le bó ṣe yẹ. Ẹlòmíràn ní sípíríǹgì ńlá ló ti rẹ̀, mo ra òmíràn. Owó lọ, iná ò tà.

Lọ́jọ́ kan mo tú síkúrù iwájú tó de lọ́ọ̀kì mọ́ igi díẹ̀, mo fà á, iná bẹ́ yàà! Kí ló kan síkúrù nínú ọ̀rọ̀ iná? Mo tan àtùpà kẹrosíìnì, mo gbé inú lọ́ọ̀kì sí èéfín rẹ̀ títí sípíríǹgì fi dú kirikiri. Mo dá a padà sínú igi, mo dè é le. Mo gbé òòlù sókè, mo fi àtàǹpàkò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo tú u, ìlà dúdú kan wà lára igi, kò gùn ju èékánná lọ, níbi tí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ti ń ha igi. Igi ti mu ọ̀rinrin, ó ti wú, síkúrù tó le jù sì tún ń fa lọ́ọ̀kì mọ́ ọn.

Ibi dúdú náà nìkan ni kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha. Ẹ tún fi èéfín kùn ún, ẹ tún wò ó, títí kò fi ní sí àmì mọ́. Ẹ má gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ odó. Igi tẹ́ ẹ bá gbẹ́ kúrò ò ní padà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró líńsíìdì kun inú ihò náà. Ìta nìkan ni gbogbo yín máa ń kùn, torí ìta ló ń dán fún fọ́tò.

Òòlù kì í dúró lókè.

Ẹ má ki ìbọn yẹn. Bóyá apá irin tó ń há òòlù ń kan igi nísàlẹ̀, tàbí tírígà ló ń tì í sókè. Ẹ lo èéfín náà. Bí kò bá kan nǹkan kan, ojú ìhá, ibi tí irin náà ti ń há òòlù, ló ti jẹ, oníṣẹ́ ìbọn ló ni ín. Ẹ gbé fáìlì yín sílẹ̀.

Mo ra ògbólógbòó kan, ìdí ọ̀pá ti dípẹtà. Ṣé kí n tú u?

Ṣé ẹ ti mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú ẹ̀? Ẹ yàgò fún ẹnu ìbọn, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé títí á fi kan ìdí, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i níbi ẹnu ìbọn. Ẹ fà á yọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn lóde, kí àmì náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí orí rẹ̀ ò bá dé ibi ihò iná, nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹ̀tù tó ti wà níbẹ̀ látayé bàbá ńlá onílé ṣì lè gbiná. Ẹ má fi irin gbẹ́ ẹ, ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Bó bá ṣófo pàápàá, irin tó dí ìdí ọ̀pá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ ìbọn, kó sọ bóyá ọ̀pá náà ṣì ṣe é yìn, àbí ara ògiri ni kí ẹ fi kọ́.