Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wa, ọ̀nà la ò rí: ìrírí mi pẹ̀lú àwọn ọmọ Ágíríìkì

Sátidé kan làwọn ọmọ Sábó wá bá wa gbá a lórí pápá wa lápá Ágíríìkì níbí ní Ìkòròdú. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin, a pín in sọ́tùn-ún, a pín in sósì, a dá a padà sẹ́yìn, àwọn gbá ẹyọ kan péré síwájú, ó wọlé. 1-0. Bàbá kan tó máa ń jókòó wòran pè mí lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́, àwọn ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé kiri yẹn, ta ni wọ́n ń gbé e lọ fún?"

Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kẹ́ ẹ sì wá wò ó o, kó tó dà bẹ́ẹ̀ gan-an, ojú ti rí. Mọ́ńkì póòsì làwọn ọmọ yìí ń gbá láti kékeré, bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́wọ́ ẹnì kan, ó ti di tiẹ̀ nìyẹn, á máa dríbù títí wọ́n á fi gbà á. Róńdò ni mo fi bẹ̀rẹ̀: èèyàn márùn-ún yí ká, méjì wà láàárín tó ń lé e, àyè ẹ̀ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹni tó bá pàdánù ẹ̀ á bọ́ sáàárín. A ò ní kóònù, ike mínírà la bu yẹ̀pẹ̀ sí. Yẹ̀pẹ̀ pápá wa máa ń pa páàsì sójú ọ̀nà, ni mo bá ní kí wọ́n máa gbá a kó le dáadáa, kí wọ́n sì máa gbá a sí ẹsẹ̀ tó jìnnà sí ẹni tó ń lé ọ̀rẹ́ wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ alátakò, ẹ̀yìn ló máa dá a padà sí. Ẹsẹ̀ kejì, ara ẹ̀ á ti ṣí síwájú kó tó gbà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ti ń di bọ́ọ̀lù mú, èmi náà sì rò pé iṣẹ́ ti parí, àfìgbà tí Sábó dé. Ẹ rántí Sípéènì àti Rọ́ṣíà ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 2018, páàsì tí Sípéènì gbá lé ní 1,000, 1-1 ni wọ́n gbá, pẹ́náritì ló lé wọn lọ sílé. Rọ́ṣíà kóra jọ síwájú ilé wọn, wọ́n ní kí Sípéènì máa pín in lọ. Ohun tí Sábó ṣe fún wa náà nìyẹn.

Ní Túsìdeè, mo to ike yẹn ní ìlà méjì bí dìfẹ́ńsì àti mídífíìdì wọn ṣe tò, mo ní páàsì tó bá gba àárín ike kọjá nìkan ni màá kà, ogún tẹ́ ẹ bá gbá níwájú ike, òdo ni. Wọ́n wá ń fi tipátipá gbá a gba àárín, gbogbo ẹ̀ ló ń sọnù. Mo dá wọn dúró. Mo ní páàsì ẹ̀gbẹ́ yẹn ò burú o, ìjẹ ni, ṣé ẹ̀ ń rí àwọn apẹja ní Ẹbúté, ìjẹ ni wọ́n fi ń mú ẹja jáde níbi tó sá sí. Ẹ gbá a lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún wá, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti kúrò láyè ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹni tó wà lápá òsì kó tẹ ìlà mọ́lẹ̀, kó má wá bọ́ọ̀lù wá sáàárín, bó tiẹ̀ ti pẹ́ tó fẹsẹ̀ kàn án.

Nọ́ńbà 8 wa, tó ń gbá àárín, ló gba àkókò jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ nìkan ló ń wò, kó tó yíjú wọ́n ti dé ẹ̀yìn ẹ̀. Mo wá lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀, bí páàsì bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, màá na ìka sókè, ó gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ "méjì" ló ń sọ ṣáá. Lọ́jọ́ kẹrin ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kóòṣì, mẹ́ta, ẹ tún ti ká ọ̀kan kò," ó fẹsẹ̀ òsì gbà á, ó yí síwájú láìdúró. Mo pariwo! Tí ò bá sì ráyè yí, kó tètè dá a fún ẹni kẹta tó kojú síwájú, ẹni yẹn ló máa já a sí àlàfo.

Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo fòfin de dríbù pátápátá. Ọmọ kékeré kan wà tó lè fi èèyàn méjì sílẹ̀, ó wá dákẹ́, kò gbádùn ara ẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní tó o bá ti sún mọ́ ilé wọn, tó jẹ́ ìwọ àti ẹnì kan, ṣe bó o ṣe fẹ́.

Gólíkípà náà ń kọ́ bó ṣe máa fi páàsì kúkúrú bẹ̀rẹ̀, torí láti 2019 ni òfin ti gbà kí ẹni tiwa gba gólíkíìkì nínú bọ́kìsì wa. Ìyá ẹ̀ ń pariwo "Gbá a dànù!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo lọ kí wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Kóòṣì, mo gbọ́, àyà mi ló ń já."

A padà lọ bá Sábó ní pápá tiwọn. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ le díẹ̀, bọ́ọ̀lù ń yọ̀. Páàsì mẹ́rin lápá ọ̀tún, nọ́ńbà 6 wọn sá wá, nọ́ńbà 8 wa wẹ̀yìn, ó gbà á láàárín ìlà méjèèjì, ó dá a fún ẹni kẹta, ìyẹn já a sápá òsì fún ẹni tó ti ń dúró láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ó wọlé. Wọ́n dá a padà nígbà tá a pàdánù bọ́ọ̀lù láàárín pápá tí gbogbo wa ti sá lọ síwájú, 1-1 la sì fi parí ẹ̀. Ohun tá a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn: bá a ṣe máa dúró kí bọ́ọ̀lù tó bọ́, ká lè tètè gbà á padà.