Ẹ Má Ti Ọ̀bẹ Alágbẹ̀dẹ Bọná Mọ́

Ọ̀bẹ 36 ló bí ìwé yìí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tó ń ṣe gaàrí ló bẹ alágbẹ̀dẹ níṣẹ́ pé kó bá àwọn fi sípíríìn mọ́tò rọ ọ̀bẹ tí wọ́n á máa fi bó ẹ̀gẹ́. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ti lu àwọn ní jìbìtì, pé bí àwọn bá pọ́n ọ̀bẹ láàárọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta ó ti kú. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá. Mo tò wọ́n sórí ẹní, mo fi àkísà nu èéfín kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn sójú oòrùn. Mẹ́tàlélógún nínú wọn ló ní àwọ̀ aró lẹ́nu, tó ń dán yinrin bí ìgbà tí òróró bá dà sójú omi. Alágbẹ̀dẹ kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Iná ni wọ́n ti ọ̀bẹ bọ̀.

Láti ìgbà náà, abúlé tí mo bá dé ni mo ti ń yẹ ọ̀bẹ wò, ohun kan náà ni mo sì ń bá. Nítorí náà mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ tàbí bí a ṣe ń ṣán oko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: ọ̀bẹ àti àdá tí alágbẹ̀dẹ rọ kò gbọ́dọ̀ fojú kan iná mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní àgbẹ̀dẹ.

Irú irin tó jẹ́

Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni irin ọ̀bẹ wa tó dáa ti ń wá, ìyẹn sípíríìn. Nínú 100 kílò sípíríìn irú èyí tó wọ́pọ̀, nǹkan bí 600 gíráàmù ló jẹ́ káábọ̀nù. Ẹ má fojú di 600 gíráàmù yẹn, òun ló ń jẹ́ kí irin le lẹ́yìn tó bá ti rí iná rí epo. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń da kọ́ńkéré kì í sábà ní ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rọ ọ̀bẹ fún yín, ẹ lè pọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní di ẹnu mú. Ẹ máa bèèrè irin tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ lò kí ẹ tó fún un lówó.

Ọ̀bẹ stainless tí wọ́n ń tà lọ́jà yàtọ̀. Nínú 100 kílò irin rẹ̀, ó kéré tán kílò mẹ́wàá àbọ̀ ni kírómíọ̀mù, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè dógùn-ún. Ti alágbẹ̀dẹ ń dógùn-ún, ó sì ń dúdú, ṣùgbọ́n òkúta lásán ti tó láti pọ́n ọn, ẹnu rẹ̀ á sì tinrin dáadáa. Ẹni tó ń bó agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá lóòjọ́ mọ èyí tó wúlò fún òun.

Bó ṣe ń di líle rèé. Alágbẹ̀dẹ á fẹ́ ẹwìrì títí irin á fi pọ́n bí ẹyìn, ìyẹn nǹkan bí 800°C. Bí ẹ bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn lásìkò yẹn, kò ní gbá a mú. Á wá rì í sínú epo. Epo ni mo wí o, kì í ṣe omi, torí omi lè mú kí sípíríìn sán. Ní kété tó bá jáde nínú epo, ó ti le jù, bó bá já bọ́ sórí òkúta ó lè kán sí méjì. Alágbẹ̀dẹ á ha ojú rẹ̀ kó dán, á sì tún gbé e sẹ́bàá iná, jẹ́jẹ́, títí ibi tó dán yẹn á fi ní àwọ̀ gaàrí elépo. Ìyẹn wà láàárín 200 sí 230°C. Ibẹ̀ ló ti máa dá a dúró. Tó bá jẹ́ àdá ni, á jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí àdá ń pàdé kùkùté àti òkúta.

Bí ọ̀bẹ bá tún wá rí iná nílé yín, àwọ̀ gaàrí yẹn á di rúsúrúsú, á di àlùkò, tó bá fi máa tó nǹkan bí 300°C á ti di aró. Líle tí alágbẹ̀dẹ fi síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ẹ gbé e sílẹ̀ kó tutù, kò ní padà wá. Bí ẹ rì í sínú omi tútù, kò ní padà wá. Ẹ̀yin iná ààrò ń ju 600°C lọ, ìṣẹ́jú kan péré sì ti tó láti ba ọ̀bẹ tín-ínrín jẹ́.

Ibi tí iná ti ń dé bá a

Èkù ni àkọ́kọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, igi èkù á gbẹ, á sún kì, ọ̀bẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Baálé ilé á ki ìrù ọ̀bẹ, ìyẹn irin tó máa ń wọ inú èkù, bọ ẹ̀yin iná, á gbá a wọnú igi padà, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ti tún un ṣe. Ooru inú ìrù yẹn ti rìn dé ẹnu kó tó parí. Ti àdá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: èkù á kán, igi díẹ̀ á há sínú, wọ́n á sì ju odindi àdá sínú ààrò kí igi náà lè jó dànù. Mo ti bá ilé kan tí àdá mẹ́rin wà nínú iná lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọdé ń fẹ́ iná sí wọn. Àdá mẹ́rin! Owó oko ọdún kan ni wọ́n ń sun yẹn.

Bí èkù bá ń mì, ẹ yọ ọ́. Ẹ gé aṣọ òwú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù onípò méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀, ẹ wé e mọ́ ìrù ọ̀bẹ, ẹ gbá a wọlé, ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí kò bá sí gọ́ọ̀mù, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ èkù sínú omi kó lè wú, ìrù tó wà nínú rẹ̀ á dógùn-ún níbi tí ojú yín kò tó. Igi tó bá há sínú àdá, ìṣó ńlá àti òòlù ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ jáde. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bó bá di dandan kí ẹ fi iná jó ìrù wọnú èkù tuntun, ẹ gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é fúnra òun, kó fi àpò ìdọ̀họ tútù wé gbogbo ojú ọ̀bẹ ní ìlọ́po méjì, kí sẹ̀ǹtímítà 4 tó kẹ́yìn lára ìrù nìkan ríná, kó máa bu omi sí àpò náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí àpò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú oru, kó yọ ọ́.

Èkejì ni oje ẹ̀gẹ́. Ó ń gbẹ mọ́ ọ̀bẹ bíi gọ́ọ̀mù, àwọn ìyá á sì fi ọ̀bẹ la ọwọ́ iná kọjá kó lè jó kúrò. Ohun tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀bẹ 23 yẹn nìyí. Ẹ bu lítà kan omi gbígbóná, ẹ ki ojú ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìjẹ́ kí èkù kàn án, ẹ fi kànìnkànìn bó o, ó parí. Omi híhó kò kọjá 100°C, kò sí ohun tó lè ṣe líle ọ̀bẹ. Ẹni tó bá tilẹ̀ fẹ́ pa kòkòrò àìsàn lára ọ̀bẹ tó fi pa ẹran, kó se ojú rẹ̀ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún yé fi ọ̀bẹ ko iná, ẹ yé fi yí àgbàdo sísun, ẹ yé mú un gbóná láti fi lẹ ọ̀rá pọ̀. Kí ẹ tó dáná sungbó, ẹ ka àdá yín. Àdá tí iná oko bá kọjá lórí rẹ̀ ti parí, bí èkù rẹ̀ kò tilẹ̀ jó tán.

Iná kan wà tí ojú kò rí: òkúta ayíbírí tí àwọn apọ́nbẹ ń rù kiri, àti ẹ̀rọ oníná tí àwọn wẹ́dà fi ń ha irin. Ẹnu ọ̀bẹ tinrin débi pé ó lè di aró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ má gbé ọ̀bẹ fún wọn kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ dúró tì í, ẹ gbé ike omi kalẹ̀, kó máa ki ọ̀bẹ bọ omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta. Bí ìka yín kò bá ti lè dúró lórí ẹnu ọ̀bẹ, ó ti ń gbóná jù. Tó bá sì ti di aró ní ẹnu nìkan, ẹ fi òkúta àti omi pọ́n mílímítà 2 sí 3 dànù, irin tó le á tún yọ lábẹ́ rẹ̀.

Nílé, òkúta tútù ti tó. Ọ̀bẹ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lórí òkúta ní sẹ̀ǹtímítà kan. Àdá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì àbọ̀, fáìlì ni kí ẹ sì lò, ní títì síwájú nìkan. Ìgbà mẹ́wàá ní apá ọ̀tún, mẹ́wàá ní apá òsì. Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ nàró kó lè tètè mú, wọ́n ń pa á ni.

Omi àti ìpáàrà

Nínú 13 tó yè, ọ̀kan wà tí mo gbé wò fún ìgbà pípẹ́. Màmá arúgbó kan ló ni ín. Ojú ọ̀bẹ náà ti dúdú bí eérú tí òjò pa, kò sí pupa kankan níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń gé irun ọwọ́ mi. Mo jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá ti bó ẹyọ kan tán, wọ́n á fa ojú ọ̀bẹ kọjá lórí àkísà kan tó wà lórí orúnkún wọn, lọ́tùn-ún, lósì, kí wọ́n tó mú òmíràn. Wọn kò wo ọwọ́ wọn rárá. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Ẹ̀gẹ́ ń jẹ irin, ọmọ mi.”

Ohun tí màmá ń ṣe ni kí gbogbo yín máa ṣe. Dúdú kì í ṣe àìsàn fún ọ̀bẹ yìí. Bí ọ̀bẹ tuntun bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tàbí iṣu, oúnjẹ náà lè dúdú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́. Kò ní pa yín lára, ẹ má sì fi iyanrìn ha dúdú náà kúrò, torí ó ń dá ìpáàrà dúró. Pupa ni ọ̀tá. Bí pupa bá yọ, ẹ sẹ́ eérú kúnná ṣíbí kan, ẹ fún ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi àkísà fi ra á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀, torí bí omi ọsàn bá pẹ́ níbẹ̀ yóò tún fa pupa mìíràn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kọjá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ fi òróró ẹ̀kán mẹ́ta tàbí àdí àgbọn pa ojú rẹ̀. Àdá lè gba ìdérí ìgò kan. Ẹ má lo epo pupa, ó ń kan, ó sì ń lẹ̀. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mọ́tò ti lò rí sí ohun tí ẹ fi ń gé oúnjẹ. Nígbà òjò, ẹ tún un pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ kò bá tilẹ̀ lò ó.

Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ẹ má fi sínú àkọ̀ awọ di ọjọ́ kejì. Awọ ń mu omi, ó sì ń há a mọ́ irin lára. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n lásìkò òjò, àkọ̀ náà ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ yìí gé egungun tàbí ẹja tó di yìnyín, ẹnu rẹ̀ á kán. Àáké wà fún ìyẹn.

Èyí tó ti bàjẹ́

Ọ̀bẹ tí gbogbo ojú rẹ̀ ti rí iná, àgbẹ̀dẹ nìkan ló lè tún un ṣe: kó mú un pọ́n padà, kó rì í sínú epo, kó dá a padà sí àwọ̀ gaàrí elépo. Àwọn 23 yẹn padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ti bú, wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ bá lọ gba tiyín, ẹ mú fáìlì tuntun dání. Ẹ fi ha ẹnu ọ̀bẹ níbi mẹ́ta: sóńsó, àárín, ẹ̀bá èkù. Bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, tó ń dún ṣín-ín, tí kò bu ju eruku díẹ̀ lọ, ẹ san owó. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ bí ìgbà tó ń jẹ ìṣó, àní níbì kan ṣoṣo, ẹ dá a padà fún un kó tún un sun.