Bí mo ṣe kọ òfin àbàwọ́n àti ìràpadà fún eré wa

Ìjókòó kẹta ni mo ti rí i pé òfin wa ò tó. Eré orí tábìlì là ń ṣe, irú èyí tí olùdarí máa ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí oníkálùkù á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiẹ̀ fẹ́ ṣe, tí dáìsì á sì dá ẹjọ́ tó bá le. Èmi ni olùdarí. Ìtàn ìlú kan tí ogun ká mọ́ ni, mo sì fẹ́ kó hàn díẹ̀díẹ̀ bí ogun ṣe ń ba èèyàn jẹ́. Ló bá di pé ọ̀kan nínú wa ní kí ẹ̀dá-ìtàn òun pa ẹlẹ́wọ̀n kan tó ti juwọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó kọ “bàtà tó dáa, 1” sínú ìwé rẹ̀, ó ní, “Ó yá, kí ló kàn?”

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Kò sì sí ohunkóhun nínú òfin wa tó lè mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Mo lọ wo ohun táwọn tó ti ṣe irú eré yìí ṣáájú wa ṣe. Dungeons & Dragons tó jáde lọ́dún 1974 pín ẹ̀dá sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó wà lẹ́yìn òfin, ẹni tó wà lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀, àti ẹni tó wà láàárín. Èyí lè jẹ́ kéèyàn mọ ẹgbẹ́ tí òun wà, àmọ́ kò sọ bí ìwà ṣe ń yí padà. Pendragon tí Greg Stafford ṣe ní 1985 wù mí jù ú lọ. Ìwà méjì-méjì ló so pọ̀ níbẹ̀, àánú pẹ̀lú ìkà, òótọ́ pẹ̀lú ẹ̀tàn, àpapọ̀ wọn á sì jẹ́ 20. Bí àánú bá di 14, ìkà ti di 6 nìyẹn. Vampire: The Masquerade ti 1991 ní tiẹ̀ ní òṣùwọ̀n ìwà ọmọlúàbí tó ń ti 10 wálẹ̀, tó bá kan òdo, ẹ̀dá náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ó di ti olùdarí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fara wé, bó sì ṣe kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà nìyẹn. Mo ní ìwà ìkà kan, àbàwọ́n kan. Tó o bá ti gba àbàwọ́n, ju dáìsì olójú mẹ́fà kan. Tí ohun tó jáde bá kéré sí iye àbàwọ́n rẹ, ẹ̀dá rẹ ti lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tá a ti ń lò ó ni mo tó jókòó ṣírò ó. Àbàwọ́n àkọ́kọ́ ò lè mú ẹnikẹ́ni, torí kò sí ojú dáìsì tó kéré sí 1. Ẹlẹ́ẹ̀kejì máa mú ẹnì kan nínú mẹ́fà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa mú méjì nínú mẹ́fà. Nígbà táwọn èèyàn bá fi máa gba ìkẹrin kọjá, nínú 100 ẹ̀dá, bíi 28 péré ló kù. Abájọ tí gbogbo wọn fi di ẹni mímọ́ lójijì! Ilẹ̀kùn lásán, wọn ò ní ṣí i láìkọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé àbàwọ́n wà níbẹ̀?”

Mo wá yí i sódì: àbàwọ́n á máa fúnni lágbára. Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Láàárín wákàtí méjì, kò sí ẹni rere kan lórí tábìlì wa mọ́.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni kí àbàwọ́n dà bí owó téèyàn yá. Tí dáìsì bá já ọ lulẹ̀, o lè sọ pé, “Mo gbà á,” ìjákulẹ̀ náà á sì di àṣeyọrí. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ ṣe kó tó yọrí sí rere, àti ẹni tó fara gbá a. Orúkọ ẹni yẹn lo máa kọ sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ àbàwọ́n ní tiwa nìyẹn. Lẹ́yìn náà, o ju dáìsì méjì, o ro wọ́n pọ̀. Tí àpapọ̀ wọn ò bá ju iye àbàwọ́n rẹ lọ, ẹ̀jẹ́ kan já. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni kálukú kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta tí ẹ̀dá rẹ̀ ò ní ṣe láéláé. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá já, ó di tèmi. Pẹ̀lú dáìsì méjì, bíi 74 nínú 100 ni ẹ̀jẹ́ wọn ò ní tíì já rárá lórí àbàwọ́n kẹrin. Lórí ìkẹfà, bíi 31. (A ti kọ́kọ́ jọ fẹnu kò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́ lórí tábìlì rárá. Ẹ má fo ìyẹn.)

Tárù, ẹ̀ṣọ́ bodè, ló kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n fẹ́ sọdá odò, dáìsì kọ̀. Ẹni tó ń ṣe Tárù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Mo gbà á. Mo ti ọlọ́kọ̀ ojú omi náà sínú odò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní èbúté, ó ń wò mí.” Ọkọ̀ gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó kàn.

Ìràpadà ló wá yọ mí lẹ́nu jù. Mo ti kọ́kọ́ sọ pé wúrà kan ní ilé ìsìn á nu àbàwọ́n kan, ẹnì kan sì san márùn-ún nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Mo pa á rẹ́. Ní báyìí, àfi kó o wá ẹni tó o kọ orúkọ rẹ̀ rí, tàbí ẹni tó gbẹ́yìn rẹ̀. Sọ ohun tó o ṣe lójú rẹ̀. Fi ohun kan tó ń ṣe ọ́ láǹfààní nínú ìwé rẹ sílẹ̀ fún un. Èyí tó le jù ló kẹ́yìn: nígbà tí dáìsì bá tún já ọ lulẹ̀ níbi tí nǹkan ti gbóná, tí o sì lè sọ pé, “Mo gbà á,” má sọ ọ́. Kó já. Ìgbà yẹn ni àbàwọ́n di àpá. Kò ní kà mọ́ nígbà tó o bá ń ju dáìsì, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Àgbà ló sọ pé bí egbò bá jinná, àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Èmi kàn sọ ọ́ di òfin ni.

Mi ò fi ìdáríjì kún un. Ọmọ ọlọ́kọ̀ náà gba idà Tárù, ó gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àbàwọ́n yẹn ṣì di àpá nígbà tó yá.

Ẹni tó pa ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́sí ò tíì gba àbàwọ́n kankan nínú òfin tuntun yìí. Bàtà náà ṣì wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tá a ń palẹ̀ mọ́ níjelòó, ó bi mí pé, “Kí lorúkọ ọkùnrin yẹn gan-an?” Mi ò fún un lórúkọ nígbà yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n wá a, kí a tó tún jókòó.