Irun ṣùkú ló jẹ jẹ́ẹ̀lì mi tán

Ike jẹ́ẹ̀lì méjì ni mo rà, mo ní yóò tó mi fún àgbàlagbà méjìlá. Orí ẹni mẹ́ta péré ló gbé e tán. Kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì irun tí wọ́n ń tà ní Sábó o. Èyí tí wọ́n ń fi sáàárín awọ orí àti wáyà ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ ni. Òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, owó àpò ara mi ni mo sì fi rà á.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ló fà á. Mo fẹ́ mọ bóyá ìgbì ọpọlọ tí ẹ̀rọ EEG ń kọ sílẹ̀ lè ya irú àrùn ìgbàgbé kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, torí lọ́dọ̀ wa níbí, "Bàbá ti ń ṣarán" la fi ń parí ọ̀rọ̀. Apá ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Àkọsílẹ̀ ẹni 88 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n gbà ní Thessaloniki, nílẹ̀ Gíríìsì: 36 ní irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, 23 ní èyí tó ń ba iwájú ọpọlọ àti ìhà ẹ̀bátí jẹ́, ara 29 yòókù dá. Ẹni tó bá mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, díẹ̀ á rí iṣẹ́ yẹn ṣe. Ìgbì alpha, tó máa ń lù ní ìgbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan téèyàn bá pajú dé, ti rẹ̀ lára àwọn alárùn Alzheimer, theta, ìgbì tó lọ́ra jù ú lọ, ti gbapò rẹ̀. Ti àwọn oníwájú-orí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ra. Irú àrùn ìgbàgbé kẹta, tí wọ́n ń pè ní ti Lewy, kò sí níbẹ̀, òun gan-an ni mo sì fẹ́ rí jù: ìlù ìpàkọ́ tirẹ̀ máa ń já wálẹ̀ sábẹ́ 8, á sì tún máa ṣe ségesège. Láti 2017 ni àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn àmì tó ń ti ìdámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Mo kó o tọ ọ̀gá mi lọ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní, "Gíríìkì ni gbogbo eléyìí. Ará Ifẹ̀ dà?"

Ìwé àṣẹ jáde, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá sì gbà. Ìyá kan láti Ìrẹ́mọ ló kọ́kọ́ dé, ó di ṣùkú tuntun, ó fi àdí pa á, torí ó ní òde ní Sátidé. Ojú wáyà mọ́kàndínlógún ni mo ní láti fi kan awọ orí. Ọ̀kan ní àárín àtàrí gan-an, ibi tí ìdí ṣùkú wà. Fìlà ẹ̀rọ náà dúró lókè bí igbá tí wọ́n dé sórí òkìtì.

Ó yẹ kí ìdènà iná láàárín ojú wáyà àti awọ orí wà lábẹ́ kílò-óòmù 5. Mo ń rí 40. Mo da jẹ́ẹ̀lì sí i, ó di 35. Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la irun, mo tún da òmíràn. Jẹ́ẹ̀lì ṣàn pàdé ara wọn lábẹ́ irun, ojú wáyà méjì wá ń sọ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ní láti nu gbogbo rẹ̀ kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì! Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé orí mi lo fẹ́ bẹ́ ni?" Ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hans Berger tó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ yìí lórí èèyàn ní Jena, ní Jámánì, lọ́dún 1924, kò bá ṣùkú pàdé.

Onídìrí àdúgbò wa ló yọ mí. Mo fi àwòrán orí hàn án, ó bú sẹ́rìn-ín: "Kolẹ́sẹ̀ lásán mà nìyí!" Irun mẹ́fà, ìlà márùn-ún láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, àwọn ojú wáyà á jókòó sínú ìlà. Ìdènà já sí 4. Nígbà tí mo ní "Ẹ pajú dé, mà," tí alpha gbéra níbi ìpàkọ́, mo pariwo débi pé màmá là á padà. Mo ti ń pe ara mi ní olùdásílẹ̀ kí n tó kà pé Arnelle Etienne àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà, ti gbé irú ọgbọ́n dídì yìí jáde ní 2020. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, owó onídìrí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí jẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e. Ẹ bẹ àwọn tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò kí wọ́n má fi òróró kankan sórí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tòògbé: theta ni òògbé máa ń mú wá, ẹ ó kàn sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di alárùn. Bàbá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bẹ́ẹ̀ kó bá mi.

Ìyá Ìrẹ́mọ ò gbà, mo san 2,000 náírà kí wọ́n tún ṣùkú rẹ̀ dì. Ọ̀gá mi ní kí n mú rísíìtì wá. Onídìrí wo ló ń kọ rísíìtì?