Ẹ má ta omi: àṣìṣe àwọn tó ń wá ọjà fún èérí àgbàdo ẹtanọ́ọ̀lù

Tí wọ́n bá fi àgbàdo ṣe ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọkà náà ló ń ṣẹ́ kù gẹ́gẹ́ bí èérí gbígbẹ. Ní Amẹ́ríkà, ọjà ńlá ni fún àwọn tó ń sin màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní Benin, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu àti Ṣábẹ, kó wá oníbàárà kó tó tan iná. Nínú ooru, èérí tútù kì í ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ tó fi ń bàjẹ́.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni kéèyàn máa ta omi. Nínú 50 kílò èérí tútù, nǹkan bí 35 jẹ́ omi. Ohun tí ẹran máa jẹ kò ju 15 lọ. 50 kílò èyí tó gbẹ dáadáa ní 45. Àpò tútù mẹ́ta ló dọ́gba pẹ̀lú gbígbẹ kan. Bí gbígbẹ bá jẹ́ 9,000 sẹ́fà, tútù kò yẹ kó kọjá 3,000, a ò tíì ka owó ọkọ̀. Kí ẹ gbé tútù láti Àjàṣẹ́ lọ bá àwọn Fúlàní onímàlúù ní Ṣábẹ, ọ̀nà tó ju 200 kìlómítà lọ, òfò ni. Ẹlẹ́dẹ̀ àdúgbò ni kó jẹ tútù. Èyí tó máa rìn jìnnà, ẹ sá a títí omi rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí 10 tàbí 12 nínú 100. Ẹ má fi iná líle yan án: èyí tó bá dúdú, lysine tó ń mú ẹran dàgbà ti jóná nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo àgbàdo tó ti bu, pàápàá àgbàdo àkọ́rọ̀ tí wọ́n ká sínú òjò. Ọ̀pọ̀ rò pé ọtí á pa oró rẹ̀. Rárá o. Sítáàṣì ló di ọtí. Afilatọ́sìn, oró inú àgbàdo tó bu, kò bá a lọ, inú èérí ló kóra jọ sí. Máíkúrógíráàmù 10 nínú kílò àgbàdo á di nǹkan bí 30 nínú kílò èérí gbígbẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ló tètè ń pa, oró náà sì ń gba inú wàrà màlúù dé ẹnu ọmọ èèyàn.

Ẹ má sì sọ fún oníbàárà pé èérí lè rọ́pò gbogbo oúnjẹ ẹran. Amúaradàgbà rẹ̀ tó 27 sí 30 nínú 100, àmọ́ lysine rẹ̀ kéré. Fún adìẹ ẹlẹ́yin, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 nínú 100 oúnjẹ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà lè gba 20, tí sóyà bá wà níbẹ̀. Èyí tó bá jẹ ẹ́ jù, ọ̀rá rẹ̀ á rọ̀, alápatà ò sì ní fẹ́ ẹ. Ẹ dín in kù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa pa á.