Ọ̀nà Àbùjá Lórí Kíbọ́ọ̀dù fún Ẹni Tó Ń Tẹ Yorùbá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́bọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Kabba máa ń kún jù, torí ìsìnkú ọjọ́ Sátidé. Báírò ni wọ́n fi ń kọ ètò ìsìnkú wá fún mi: orin, Bíbélì kíkà, orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú. Kálukú ló sì fẹ́ gba tiẹ̀ kí iná tó lọ. Ẹni tó bá ń wá máòsì kiri lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a nídìí iṣẹ́.

Ctrl+S ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ S, iṣẹ́ yín ti wọlé. Bí ẹ bá ti parí ìpínrọ̀ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ) kì í kìlọ̀ fún èèyàn kó tó kú.

Ctrl+C láti kọ́pì, Ctrl+X láti gé, Ctrl+V láti lẹ̀, Ctrl+Z láti dá ohun tí ẹ ṣe padà, ẹ ti mọ ìyẹn. (Larry Tesler, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wà lára àwọn tó gbé gígé àti lílẹ̀ yìí kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Xerox láàárín ọdún 1970 sí 1979. Kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ ẹ.) Èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í tètè mọ̀ ni Windows+V, lórí Windows 10 àti 11. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbà pé kó máa ṣiṣẹ́, yóò sì máa tọ́jú oríṣiríṣi nǹkan tí ẹ ti kọ́pì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ègbè orin mẹ́ta lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa mú èyí tí ẹ bá fẹ́.

Ctrl+Backspace ń pa odindi ọ̀rọ̀ rẹ́. Shift+F3 ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré nínú Word, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ̀wé. Láptọ́ọ̀pù mìíràn á ní kí ẹ di Fn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ gan-an wá wà lórí àmì. Ìwé tí wọn ò fàmì sí kì í tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn, wọn kì í sì í fi sínú. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ' kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá tẹ a: á ni yóò jáde. Fún à, bọ́tìnnì ` tó wà lábẹ́ Esc ni kí ẹ fi rọ́pò '. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún e, i, o àti u.

Ti àmì ìsàlẹ̀, ẹ tẹ 1ECD, kí ẹ tẹ Alt+X lójú ẹsẹ̀: ọ dé. 1EB9 ni ẹ, 1E63 ni ṣ. Lẹ́tà ńlá wọn ni 1ECC, 1EB8 àti 1E62. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn lé e lórí, ẹ tẹ 0301 fún ohùn òkè tàbí 0300 fún ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tún tẹ Alt+X. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ bíi Bọ́lá. Word máa ń ka A títí dé F mọ́ nọ́ńbà náà, B yẹn á sì wọnú ẹ̀. Àpótí òfìfo lẹ máa rí. U+1ECD ni kí ẹ tẹ̀ níbẹ̀. Bí àmì bá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́ńtì olódòdó tí oníbàárà yàn ló fà á. Ẹ gbé e sí Times New Roman.

Ṣé kóòdù yìí ń pẹ́ yín? Ẹ lọ sí Insert, Symbol, More Symbols, ẹ yan ọ, ẹ tẹ Shortcut Key, kí ẹ fún un ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ yín mọ̀. Word yóò sọ fún yín nísàlẹ̀ bí bọ́tìnnì náà bá ti níṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ti orúkọ olóògbé tó fara hàn níbi ogún, n kì í fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bola lásán ni mo máa ń tẹ̀ títí màá fi parí. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ Ctrl+H, màá fi Bola sókè, màá lẹ Bọ́lá sísàlẹ̀, màá sì tẹ Replace All. Ẹ kọ́kọ́ tẹ More, kí ẹ fàmì sí Find whole words only, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Bolarinwa tó jẹ́ àna olóògbé á bá wọn lọ.