Fàdákà yín ti dúdú? Ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà

Ẹni tó bá ti ra òrùka fàdákà rí á mọ bó ṣe máa ń rí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á ó ń dán gbinrin, nígbà tó yá ó pọ́n bíi tíì, ó wá dúdú, lẹ bá ní wọ́n ti fi féèkì lù yín ní jìbìtì. Rárá o, ojúlówó náà máa ń dúdú.

Ẹ wo inú òrùka yẹn, tẹ́ ẹ bá rí 925 níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1000, 925 ni fàdákà, 75 tó kù sábà máa ń jẹ́ bàbà. Fàdákà nìkan rọ̀ jù, ìdí tí wọ́n fi ń lú u pọ̀ nìyẹn. (Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ nọ́ńbà sórí irin ṣá, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, tó bá ti fà á, kì í ṣe fàdákà.)

Imí-ọjọ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, nínú ẹyin, àlùbọ́sà, àwọn ọṣẹ ara yíyún kan, àti rọ́bà. Rọ́bà yẹn ló ya èmi lẹ́nu jù, mo fi dè yẹtí mi méjì pọ̀ kí ọ̀kan má baà sọnù, ìgbà tí mo máa tú u, ojú ibi tí rọ́bà gbà kọjá nìkan ló dúdú, àfi bí ẹni fi tìróò fa ìlà síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́: ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú abọ́, ẹ gbé fàdákà lé e kó kàn án dáadáa, ẹ bu ṣíbí béékìn sódà kan sí i (kì í ṣe béékìn páúdà o), ẹ wá da omi gbígbóná lé e. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ má jáyà, imí-ọjọ́ ló ń kúrò lára fàdákà lọ bá fọ́ìlì. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi iyùn, péálì tàbí òkúta tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ sínú omi yìí o, èyí tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kun ojú ọnà ẹ̀ ní dúdú, àwọ̀ yẹn máa ṣí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí kànrìnkàn irin ha á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́, ṣe lẹ̀ ń họ ọ́ lára. Bílíìṣì tún burú jùyẹn lọ. Ẹ fi ìpara àti lọ́fínńdà tán kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀, náílọ́ọ̀nù kékeré tó ń pa ẹnu dé ni kẹ́ ẹ lò, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ ju ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sí i kó máa fa omi. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ náà kì í jẹ́ kó tètè dúdú, torí ara ń nù ún. Òrùka tí màmá mi kì í bọ́ àfi tí wọ́n bá fẹ́ fọ ilé ìwẹ̀ ń dán ju gbogbo èyí tí wọ́n kó sínú àpótí lọ.